Ẹ ya máàpù ẹ̀là abẹ́ òkun wa kí ilẹ̀ tó tún mì

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ìmìtìtì ilẹ̀ tọ́ka sí àyíká Allada gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ju 4 lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní òdìkejì bodè, àwọn ará Ìlaròó, Ìmẹ̀kọ, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára. Bí èèyàn bá na okùn láti Allada lọ sí Ìlaròó, ẹ̀gbẹ́ Sakété ni okùn náà máa gbà kọjá, Pobẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Orí ilẹ̀ wa ni mímì náà gbà dé Nàìjíríà.

A kò gbọ́ pé ó pa ẹnikẹ́ni, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó ẹni tó ń jókòó ṣe ìdánwò BEPC. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ilé ní Pobẹ̀ àti Sakété máa bi àwọn tó wà nípò: kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, kí ló sì wà lábẹ́ òkun tó wà níwájú Kútọnu, tó lè mú ilẹ̀ mì bẹ́ẹ̀? Èrò wa ni pé ìgbà tí ilẹ̀ dákẹ́ yìí ló yẹ ká wá ìdáhùn náà. Orílẹ̀-èdè tó bá dúró di ọjọ́ tí ilé wó kó tó ya máàpù ẹ̀là ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ló fi san owó máàpù náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀là ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kì í ṣe odindi kan bí ọmọ ọlọ. Lábẹ́ erùpẹ̀, àpáta ló wà. Àpáta náà sì ní àwọn ojú ibi tó ti là, níbi tí apá kan ti lè yẹ̀ lára èkejì. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní faille lédè Faransé nìyẹn. Apá méjèèjì há mọ́ ara wọn, wọ́n sì lè máa ti ara wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láì yẹ̀ lójú kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀, gbogbo agbára tó ti kó jọ máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń mi ilẹ̀, òun ló sì ń wó ilé.

Ẹ̀là kò ṣàì sí ní agbègbè tiwa. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣì so pọ̀. Nígbà tí wọ́n pínyà tí òkun Àtìláńtíìkì sì wọ àárín wọn, ìyapa náà fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú àpáta. Ẹ̀là kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Kandi pè gba inú orílẹ̀-èdè wa láti àríwá wá sí gúúsù, àwọn onímọ̀ sì ti rí èkejì rẹ̀ ní Bùràsíìlì, ní ìhà tó so mọ́ wa kí òkun tó là wá. Nígbà tó bá ń sún mọ́ etíkun, ilẹ̀ pupa, iyanrìn àti amọ̀ tó nípọn ló bò ó mọ́lẹ̀, ojú lásán kò lè rí i mọ́. Nínú òkun fúnra rẹ̀, ẹ̀là ńlá kan tó ń jẹ́ Romanche na ara rẹ̀ láti àárín Àtìláńtíìkì wá sí ìhà etíkun Gánà.

Ìhà yẹn náà ni ewu tó tóbi jù nínú ìtàn agbègbè wa ti wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra pẹ̀lú agbára tó ju 6 lọ. Inú òkun tó wà nítòsí ìlú náà ni àwọn onímọ̀ fi orísun rẹ̀ sí. Ó kéré tán, èèyàn 17 ló kú, ọ̀pọ̀ ilé ló sì wó. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó, ní Ìbàdàn, títí dé Ilé-Ifẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ti mì tìtì ní Accra ní ọdún 1862. Lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù keje ọdún 1984, ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹni tó bá to àwọn ọdún wọ̀nyí jọ kò ní lè sọ mọ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Allada jẹ́ àlejò tí a kò rí rí.

A kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ Japan, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Háítì. Ibi tí àwọn awẹ́ ilẹ̀ ayé ńláńlá ti ń gbo ara wọn jìnnà sí wa, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ kì í fi í mì lemọ́lemọ́ níbí. Ẹ sì wo bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ túmọ̀ sí agbára tó tó ìlọ́po 32 ti ìṣísẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìmìtìtì tó jẹ́ 7 lágbára ju èyí tó jẹ́ 4 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30,000. Ohun tó kọjá lórí wa ní 2009 kéré púpọ̀ sí èyí tó pa ìlú run níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n kì í múra ẹni sílẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìran mẹ́ta ni àwọn èèyàn ti máa ń gbàgbé.

Erékùṣù kan wà tó lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ara wa sì ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ará Háítì ni wọ́n kó láti etíkun wa, láti Ouidah àti àwọn èbúté mìíràn, nígbà òwò ẹrú. Ìtàn ìdílé Toussaint Louverture, ẹni tó ṣíwájú àwọn ẹrú nínú ìjà òmìnira wọn, sọ pé Allada ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ère rẹ̀ wà ní Allada títí dòní. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ará Pobẹ̀ àti Sakété, ìyẹn Nàgó, ṣì wà nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Háítì. Wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn agbo ẹ̀sìn náà ní Nago, Ògún sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún kì í ṣe ìròyìn àjèjì fún wa.

Ní Háítì, ilẹ̀ ti wó ìlú Port-au-Prince ní ọdún 1751, ó sì tún wó o ní 1770. Lẹ́yìn náà, ẹ̀là tó wà ní gúúsù erékùṣù náà dákẹ́ fún ọdún 240. Ìran mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kọjá, ìlú kún, wọ́n ń kọ́ ilé lórí òkè àti ní àfonífojì, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́. Ní ọdún 2008, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Santo Domingo, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Eric Calais àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ pé ẹ̀là tí wọ́n ń pè ní Enriquillo ti kó agbára jọ tó lè mú ilẹ̀ mì ju 7 lọ. Àwọn baba wa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún méjì kéré jù láti tún gbogbo ilé ìlú kan kọ́, ó sì ṣòro láti rí owó tí wọ́n máa fi ṣe é ní orílẹ̀-èdè tó tálákà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, ilẹ̀ mì nítòsí ìlú Léogâne pẹ̀lú agbára 7. Ààfin ààrẹ wó. Kàtídírà wó. Ilé iṣẹ́ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wó lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí. Ìjọba Háítì kéde pé iye àwọn tó kú lé ní 200,000, àwọn olùwádìí mìíràn sì ka iye tó kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé àjálù náà wà lára èyí tó burú jù lọ tí ayé òde òní rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sáré wá ẹ̀là náà. Àwọn onímọ̀ dé orí ilẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé àwọn máa rí ibi tí ẹ̀là Enriquillo ti ya ojú ilẹ̀. Wọn kò rí i. Nígbà tí wọ́n ṣírò bí ilẹ̀ ṣe gbéra sókè, wọ́n rí i pé ẹ̀là mìíràn tí ó fi ara pamọ́ nítòsí Léogâne, tí kò sí nínú máàpù ẹnikẹ́ni, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní etíkun, iyùn tó ti wà lábẹ́ omi gbéra sókè ju ìdajì mítà lọ, ó sì gbẹ sínú oòrùn. Ìdáhùn tó kù wà nínú òkun, nítorí pé etí òkun kọ́ ni ẹ̀là ti ń parí.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn àjálù náà tí ọkọ̀ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Endeavor, ti yunifásítì Rhode Island ní Amẹ́ríkà, dé iwájú Háítì. Cecilia McHugh, onímọ̀ ilẹ̀ láti Queens College ní New York, ló ṣíwájú àwọn olùwádìí inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n ṣe, nítorí òun gan-an ni ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe ní iwájú Kútọnu.

Ẹni tó bá pariwo sínú kànga jíjìn mọ̀ pé gbohùngbohùn máa dá a lóhùn. Bí kànga náà bá ṣe jìn tó ni ìdáhùn náà ṣe máa pẹ́ tó. Ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀rọ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rán ohùn sínú omi, ohùn náà lu ilẹ̀ òkun, ó sì padà wá. Nínú omi òkun, ohùn ń rin nǹkan bí 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn bá lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, a jẹ́ pé omi ibẹ̀ jìn tó 1,500 mítà. Ẹ̀rọ òde òní kì í rán ohùn kan ṣoṣo. Ó ń rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá na ìgbálẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ síwá sẹ́yìn títí gbogbo ilẹ̀ òkun náà á fi hàn bí àwòrán: òkè, kòtò, àti ìlà tó tọ́ gbọọrọ níbi tí ẹ̀là gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń rán ohùn mìíràn tó lè wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ẹrẹ̀ máa ń tò lé ara wọn ní ìpele ìpele, bí ewé ìwé. Níbi tí ìpele wọ̀nyí bá ti já, tí apá kan sì wà lókè ju èkejì lọ, ẹ̀là ti yẹ̀ níbẹ̀ rí nìyẹn. Wọ́n á sì ti ọ̀pá gígùn bọ inú ẹrẹ̀ náà, wọ́n á fa á yọ, wọ́n á ka àwọn ìpele rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì gan-an, ẹrẹ̀ etíkun máa ń ya lọ sínú ọ̀gbun, ó sì máa ń fi ìpele kan sílẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́. Nítorí náà, ilẹ̀ òkun ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó ń rántí ohun tí èèyàn ti gbàgbé.

Ní iwájú Háítì, wọ́n bá àkọsílẹ̀ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ara rẹ̀. Nínú ọ̀gbun tó jìn ju 1,700 mítà lọ, ẹrẹ̀ tí ìmìtìtì náà rú sókè ṣì wà nínú omi bí ìkùukùu, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì. Wọ́n rí ibi tí etíkun ti yá lulẹ̀ sínú òkun. Ìyá lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló mú kí omi òkun ya wọ àwọn abúlé kan ní etíkun lọ́jọ́ náà, tó sì gbé èèyàn lọ. Ní ọdún 2012, ọkọ̀ L'Atalante ti ilẹ̀ Faransé tún padà síbẹ̀ láti ya máàpù àwọn ẹ̀là tó yí erékùṣù náà ká, ní àríwá àti ní gúúsù.

Ìmọ̀ tó dára ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Wọ́n ti sìnkú tán kí ọkọ̀ tó dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ilẹ̀ tún mì ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú agbára 7.2, èèyàn tó lé ní 2,200 sì kú. Máàpù nìkan kò tó láti gbà wọ́n là, nítorí pé ilé ló ń pa èèyàn. Ẹ wo Chile: ní oṣù kejì ọdún 2010, oṣù kan àbọ̀ péré lẹ́yìn ti Háítì, ilẹ̀ mì níbẹ̀ pẹ̀lú agbára 8.8, tó fi ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ju ti Háítì lọ, síbẹ̀ iye àwọn tó kú kò ju nǹkan bí 500 lọ. Chile ti mọ ẹ̀là rẹ̀ tipẹ́, ó ti ṣe òfin ilé kíkọ́, ó sì ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn ni wọ́n ti ń mọ irú ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n máa sọ pé omíyalé, etíkun tí òkun ń jẹ, ọ̀nà tí kò dára àti kíláàsì tí kò tó ló yẹ kí ìjọba fi owó rẹ̀ tún ṣe, kì í ṣe ẹ̀là tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ, a kò sì ní kí wọ́n gba owó kíláàsì láti fi ra ọkọ̀ ìwádìí. Ṣùgbọ́n máàpù ilẹ̀ òkun kì í ṣe ti ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan. Òun kan náà ni a fi ń mọ ibi tí iyanrìn ń lọ tí etíkun fi ń jẹ. Òun ni apẹja fi ń mọ ibi tí ẹja wà. Òun ni wọ́n sì fi ń yan ọ̀nà tí wọ́n máa gbé okùn àti ọ̀pá gbà lábẹ́ omi.

Ọ̀rọ̀ okùn yìí ti kàn gbogbo wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun níwájú Abidjan. Ilé-iṣẹ́ MainOne, tó ni ọ̀kan lára wọn, sọ pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé ilẹ̀ abẹ́ òkun tó mì ló já okùn tiwọn. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó fara gbá a, títún un ṣe sì gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Oníṣòwò tó ń gba owó lórí fóònù ní ọjà Pobẹ̀ lè má rí òkun rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ òkun lè ti ilé ìtajà rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pá gáàsì tó ti Nàìjíríà lọ sí Gánà ṣe gba abẹ́ òkun kọjá níwájú wa, ọ̀pá epo láti Niger sì ń parí ní etíkun Sẹ̀mẹ̀. Ṣé ó yẹ kí a máa to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí a kò tíì fi ojú kàn?

Ní ti Pobẹ̀ àti Sakété, ìdí mìíràn tún wà. Láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí wà níbẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ náà: ó ń wú nígbà òjò, ó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ọwọ́ èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Ilé tó bá wà lórí rẹ̀ ń sán láì sí ìmìtìtì kankan. Ní Onigbolo, nínú kọmúùnù Pobẹ̀, wọ́n ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Nítorí náà, bí ògiri bá sán tàbí tí ife bá gbọ̀n lórí tábìlì, ta ló máa sọ fún wa bóyá amọ̀ ni, bóyá iṣẹ́ ìwakùsà ni, bóyá ẹ̀là ilẹ̀ ni? Àríyànjiyàn nìkan la máa ní, àfi bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí tó lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ̀rọ lè ṣe ìyẹn, nítorí pé bí ìró ìbúgbàmù ṣe ń rìn nínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀là tó yẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò sì wọ́n bíi ti àtijọ́. Nínú èyí náà, Háítì ti fi ọ̀nà hàn. Kó tó di 2010, kò sí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ. Láti bíi ọdún 2019, àwọn onímọ̀ bíi Steeve Symithe, ọmọ Háítì, àti Eric Calais tí a ti dárúkọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ẹ̀rọ kékeré sí ilé àwọn aráàlú tó bá gbà. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìwé nípọn kan lọ. Iná díẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì ló nílò. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní 2021, àwọn ẹ̀rọ inú ilé àwọn aráàlú wọ̀nyí ló wà nítòsí jù, àwọn náà ló sì ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti tọpa àwọn ìmìtìtì kéékèèké tó tẹ̀ lé e.

Bí àwọn ará Háítì ṣe lè ṣe é nínú gbogbo wàhálà wọn, kí ló lè dí wa lọ́wọ́? Ìwádìí kì í ṣe nǹkan àjèjì níbí. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀, tí wọ́n ń yan irúgbìn, tí wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń dúró de ọ̀pẹ kó tó so. Ẹni tó lè fi sùúrù kọ ìtàn ọ̀pẹ sílẹ̀ lè fi sùúrù kọ ti ilẹ̀ tí ọ̀pẹ náà dúró lé. A dábàá pé kí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Pobẹ̀, òmíràn ní Sakété, òmíràn ní Kétu àti ní Ìfọ̀nyìn, gba ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì á máa fi kọ́ àwọn ọmọ, yunifásítì Abomey-Calavi á sì máa gba àkọsílẹ̀ wọn.

Ní ti òkun, iṣẹ́ náà ju orílẹ̀-èdè kan lọ. Ẹ̀là kò mọ bodè. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ níwájú Accra lè gba iwájú Lomé wá síwájú wa, ìró rẹ̀ sì lè dé Èkó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gánà ti ní àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀, Nàìjíríà náà ní ẹ̀rọ káàkiri, àwa sì ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja àti òkun, IRHOB, ní Kútọnu. Kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Nàìjíríà pa owó pọ̀ kí wọ́n sì gba ọkọ̀ kan láti ya máàpù ilẹ̀ òkun láti Accra dé Èkó. Iṣẹ́ kan tún wà tí gbogbo ayé dáwọ́ lé láti ọdún 2017, Seabed 2030, tó fẹ́ ya máàpù gbogbo ilẹ̀ òkun àgbáyé kí ọdún 2030 tó parí. Ohun tí wọ́n ti yà kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá wọ inú rẹ̀ nísinsìnyí, àwọn mìíràn á bá wa gbé ẹrù náà.

Ní ti ilé, kò yẹ kí a dúró de máàpù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí àwọn kọmúùnù rí i pé kò sí ilé alájà tí wọ́n á kọ́ láì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wo àwòrán rẹ̀. Kí àwọn bíríkìlà wa má ṣe máa fi iyanrìn etí òkun tó níyọ̀ po sìmẹ́ńtì, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin. Kí wọ́n má da omi púpọ̀ sínú kọnkéré torí kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìgbànú kọnkéré pẹ̀lú irin tó yí ògiri ká, èyí tí wọ́n ń pè ní chaînage, kí òpó àti ògiri lè di ara wọn mú. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ rí àyẹ̀wò gbà, torí ibẹ̀ ni èèyàn púpọ̀ ń kó jọ sí lábẹ́ òrùlé kan. Gbogbo èyí dára fún ilé tó wà lórí amọ̀ Ọ̀họ̀rí pẹ̀lú, bí ilẹ̀ kò tiẹ̀ mì láéláé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa náà ní ipa tiyín. Bí ilẹ̀ bá mì nígbà tí ẹ wà nínú ilé, ẹ má sáré sórí àtẹ̀gùn. Ẹ bọ́ sábẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ fi ọwọ́ bo orí, ẹ jìnnà sí fèrèsé àti kọ́bọ́ọ̀dù, títí tó fi máa dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá wà níta, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti òpó iná. Bí ẹ bá ní èèyàn ní Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu tàbí Grand-Popo, ẹ sọ fún wọn pé bí ilẹ̀ etíkun bá mì gan-an tó sì pẹ́, kí wọ́n kúrò létí omi láì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ mọ̀ ọ́n lára sílẹ̀, kí ẹ fi tó kọmúùnù yín létí. Bí ẹnikẹ́ni bá ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé ilẹ̀ máa mì lọ́la, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò tíì sí ẹni láyé tó lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ilẹ̀ máa mì. Ohun tí onímọ̀ lè sọ ni ibi tí ẹ̀là wà, àti bó ṣe lè lágbára tó.

Ohun tí à ń bèèrè fún nìyẹn. A rọ ìjọba, pàápàá ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò aráàlú, ANPC, pé kí wọ́n sọ fún aráàlú ní gbangba ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìmìtìtì ọdún 2009 àti ẹ̀là tó fà á. A rọ àwọn mẹ́ẹ̀rì Pobẹ̀ àti Sakété pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú ilé ẹ̀kọ́ síwájú ìgbìmọ̀ wọn. A sì rọ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn Plateau pé kí wọ́n béèrè nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀: èló ni owó máàpù ilẹ̀ òkun wa, ta ló máa ṣe é, ìgbà wo ló sì máa bẹ̀rẹ̀? Ọdún 240 ni àwọn ará wa ní Háítì fi gbàgbé. Ti Allada kò tíì tó ogún ọdún, àwọn tó jí ní ìdájí ọjọ́ náà ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.